Bí ṣáàfù bá ń kán ní gbogbo ìgbà: bí a ṣe ń gbé ìṣòro ẹ̀rọ lọ bá àwọn ojúgbà wa

Ọ̀pọ̀ ìmọ̀ràn tí kò wúlò tí àwa ẹnjiníà ń gbà lọ́wọ́ ara wa, ìbéèrè ló ti bà á jẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹnìkan á ní, "Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ṣáàfù ẹ̀rọ mi ń kán ṣáá, kí ni kí n ṣe?" Kò ní pẹ́ tí ìdáhùn á fi máa rọ́ dé: lo irin tó nípọn sí i, lọ ra áàsù ọkọ̀ tó ti bàjẹ́, pààrọ̀ bíárìn, wẹ́dà rẹ ò mọṣẹ́. Ó ṣeé ṣe kí gbogbo wọn tọ̀nà, ó sì ṣeé ṣe kí ìkankan má tọ̀nà, torí kò sẹ́ni tó mọ bí ẹ̀rọ náà ṣe tóbi tó, ohun tó ń yí i, tàbí ibi tó ti kán gan-an. Lóòótọ́, ìmọ̀ràn ẹnìkan kò tó bọ̀rọ̀. Àmọ́ ìmọ̀ràn èèyàn mẹ́wàá lórí ohun tí wọn ò rí kò ju kí wọ́n máa méfò lọ.

Ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni màá fi ṣàlàyé: ẹ̀rọ tó ń rin ẹ̀gẹ́ ní ibùdó gàrí. Dúrọ́ọ̀mù kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n fi páànù bò, páànù tí wọ́n ti fi ìṣó lu ihò sí kí ojú rẹ̀ lè mú. Ṣáàfù, irin róbótó gígùn tó ń yí i, gba àárín dúrọ́ọ̀mù náà kọjá, bíárìn méjì gbé e lọ́tùn-ún àti lósì, púlì wà ní ìta, bẹ́líìtì sì so ó mọ́ mọ́tò oníná. Ká ní mọ́tò náà jẹ́ 3.7 kW, ìyẹn agbára ẹṣin 5, ó sì ń yípo ní ìgbà 1,440 ní ìṣẹ́jú kan. Púlì ara mọ́tò fẹ̀ ní 100 mm, tara dúrọ́ọ̀mù fẹ̀ ní 200 mm. Ṣáàfù jẹ́ 25 mm. Ó máa ń kán lẹ́bàá bíárìn, ní ẹ̀gbẹ́ tí púlì wà.

Kí ẹ tó ké sí ẹnikẹ́ni, iṣẹ́ díẹ̀ wà tí ẹ máa ṣe fúnra yín.

Ẹ má ju irin tó kán nù

Ẹ pa mọ́tò, ẹ yọ okùn iná rẹ̀ kúrò lójú iná, kì í ṣe kí ẹ kàn pa á ní bọ́tìnnì. Ẹ tú ṣáàfù náà. Ẹ fi kẹrosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ fọ ojú ibi tó ti kán. Ẹ má fi fáìlì kàn án, ẹ má sì kó apá méjèèjì pọ̀ kí ẹ máa fi ha ara wọn láti wò ó bóyá wọ́n á bára mu, torí ìyẹn á pa gbogbo ohun tó yẹ kí ẹ rí rẹ́. Ẹ wá gbé e síta nínú oòrùn, kí ẹ yí i díẹ̀díẹ̀.

Bí apá kan ojú náà bá dán, tó ní àwọn ìlà títẹ̀ tó tẹ̀ léra bí ìlà tí omi odò máa ń fi sílẹ̀ lórí iyanrìn nígbà tó bá ń fà, tí apá yòókù sì rí ṣákiṣàki, àárẹ̀ ló mú irin náà. Ìyẹn ni pé ó ti sán láti ibì kan, ó sì ti ń sán lọ díẹ̀díẹ̀ fún ọjọ́ pípẹ́, kí èyí tó ṣẹ́ kù tó já lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ wá ibi tí àwọn ìlà wọ̀nyẹn ti bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹjọ́ wà. Bí apá tó rí ṣákiṣàki bá kéré, ẹrù tó wà lórí ṣáàfù kò pọ̀ púpọ̀, igun ṣóńṣó tàbí ibi tí nǹkan ti ha á ló jẹ̀bi. Bí apá ṣákiṣàki bá gba ìdajì tàbí jù bẹ́ẹ̀, ẹrù gan-an ló wúwo. Tó bá jẹ́ pé ṣáàfù ti tẹ̀ kó tó kán, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn: nǹkan líle ló há sínú dúrọ́ọ̀mù, tàbí irin náà ti rọ̀ jù.

Ọ̀rọ̀ àárẹ̀ irin yìí kò bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ní 1842, ọkọ̀ ojú irin kan ṣe jàǹbá nítòsí Versailles ní ilẹ̀ Faransé nítorí pé áàsù ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kán, ẹ̀mí púpọ̀ sì lọ sí i. Lẹ́yìn ìgbà náà ni ẹnjiníà August Wöhler ní Jámánì fi ọ̀pọ̀ ọdún dán áàsù ọkọ̀ ojú irin wò, tó sì fi hàn pé ẹrù tí kò tó ohun tó lè ṣẹ́ irin lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lè ṣẹ́ ẹ bó bá ń tẹ̀ ẹ́ síwá sẹ́yìn ní ìgbà àìmọye. Ṣáàfù tó ń yípo, tí bẹ́líìtì ń fà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí i gan-an nìyẹn: lẹ́ẹ̀kan fún ìyípo kọ̀ọ̀kan, ẹ̀yìn rẹ̀ á nà, á tún sún kì.

Ẹ wọ̀n ọ́n

Kálípà dára ju téèpù lọ fún ṣáàfù. Ẹ kọ ìwọ̀n ṣáàfù sílẹ̀ níbi tó ti kán, kì í ṣe níbi tó wù yín. Ẹ kọ àlàfo tó wà láàárín bíárìn méjèèjì. Ẹ wá kọ èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbàgbé: láti àárín bíárìn tó wà lẹ́bàá púlì dé àárín púlì fúnra rẹ̀, mílímítà mélòó ni? Nínú àpẹẹrẹ wa, 120 mm ni. Ìdí tó fi gùn tó bẹ́ẹ̀ kì í ṣàjèjì: wẹ́dà jó ìjókòó bíárìn mọ́ ara ògiri ẹ̀rọ gan-an, ó wá ti púlì jáde kó lè dọ́gba pẹ̀lú ibi tí mọ́tò jókòó sí.

Nọ́ńbà ara bíárìn á ràn yín lọ́wọ́. Láti 04 lọ sókè, ẹ fi 5 sọ nọ́ńbà méjì tó gbẹ̀yìn di púpọ̀, ihò bíárìn náà lẹ rí yẹn ní mílímítà: 6205 jẹ́ 25 mm, 6206 jẹ́ 30 mm. Bíárìn tó wà nínú ilé irin tirẹ̀, tí wọ́n ń fi bọ́ọ̀tù dè mọ́lẹ̀, tí wọ́n kọ UCP205 sí lára, 25 mm ni òun náà. Bẹ́líìtì náà ní lẹ́tà tirẹ̀. A fẹ̀ ní 13 mm lókè, B fẹ̀ ní 17 mm, nọ́ńbà tó tẹ̀ lé lẹ́tà sì ni gígùn inú rẹ̀ ní íǹṣì.

Ẹ fi okùn ṣe ìwọ̀n kan sí i. Ẹ na okùn tó le dáadáa láti ojú púlì kan dé ojú púlì kejì. Bí okùn kò bá fara kan etí méjèèjì lára púlì kọ̀ọ̀kan, àwọn púlì náà kò dọ́gba. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi àtàǹpàkò tẹ bẹ́líìtì láàárín. Bí àlàfo láàárín púlì méjèèjì bá jẹ́ 500 mm, ó yẹ kó wọlé ní nǹkan bí 8 mm. Bẹ́líìtì tó le gbagidi bí igi ń fa ṣáàfù lójoojúmọ́ láìnídìí, àwọn tó ń lo ẹ̀rọ sì fẹ́ràn láti fún un bẹ́ẹ̀ kó má baà yọ̀.

Ọ̀rọ̀ irú irin tí wọ́n lò náà ń kọ́? Bí ẹni tó tà á ò bá mọ̀ ọ́n, ẹ gbé etí rẹ̀ sí ẹ̀rọ ìlọrin. Iná irin rírọ̀ máa ń fò gùn, ó sì máa ń tọ́, ẹ̀ka rẹ̀ ò pọ̀. Bí iná náà bá ń bú sí ẹ̀ka kéékèèké púpọ̀, irin líle ni. Irin tí wọ́n fi ń da kọnkéré kì í ṣe ṣáàfù, bó ti wù kí wọ́n fi lẹ́ẹ̀tì fá a tó.

Ẹ ṣírò rẹ̀, kódà bí ìṣirò náà bá rí ráńpẹ́

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń sá. Ìṣirò náà kò ju ojú ìwé kan lọ.

Dúrọ́ọ̀mù ń yípo ní 1,440 × 100 ÷ 200, ìyẹn 720 ní ìṣẹ́jú kan. Agbára tó ń lọ́ ṣáàfù ni 9,550 × 3.7 ÷ 720 (9,550 ló ń sọ kW àti ìyípo ìṣẹ́jú kan di Nm, ìyẹn newton-mítà), ó sún mọ́ 49 Nm. Ẹ fi ìdajì ìbú púlì, 0.1 m, pín in: 490 N. Ìyẹn ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹ̀gbẹ́ bẹ́líìtì tó le àti èyí tó dẹ̀. Àmọ́ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ló ń fa ṣáàfù sí ibì kan náà, nítorí náà, tí mi ò bá mọ bí wọ́n ṣe fún bẹ́líìtì tó, mo máa ń sọ ọ́ di ìlọ́po méjì: nǹkan bí 1,000 N. Bí 1,000 N bá ń fà á ní 120 mm sí bíárìn, agbára tó ń tẹ ṣáàfù níbẹ̀ jẹ́ 120 Nm.

Ẹ wo nọ́ńbà méjèèjì pọ̀: ìlọ́ 49, ìtẹ̀ 120. Gbogbo èèyàn ń bẹ̀rù ìlọ́, torí mọ́tò ló ń yí i. Ìtẹ̀ ló ń pa á.

Lára ṣáàfù 25 mm, ìtẹ̀ 120 Nm di 78 MPa, ìyẹn 78 N lórí mílímítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan. Bí igun ojú kíì (ihò gígùn tí wọ́n gbẹ́ sára ṣáàfù kí irin kékeré tó ń jẹ́ kíì lè di púlì mú) bá ṣe ṣóńṣó, ẹrù níbẹ̀ lè di ìlọ́po méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀. Irin rírọ̀ tí agbára rẹ̀ jẹ́ 400 MPa lè fara da nǹkan bí 200 MPa láìsí àárẹ̀ bí ojú rẹ̀ bá dán bíi dígí nínú yàrá ìwádìí. Lẹ́yìn tí lẹ́ẹ̀tì ti fi ìlà sí i lára, tí omi ẹ̀gẹ́ tó kan sì ti ń jẹ ẹ́, kò lè rí ìyẹn mọ́. Ṣáàfù yìí ń tẹ̀ ní ìgbà 43,200 ní wákàtí kan. Bí wọ́n bá ń rin ẹ̀gẹ́ fún wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́, kò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ kó tó pé mílíọ̀nù kan.

Ìlànà àtijọ́ kan wà tí ẹgbẹ́ àwọn ẹnjiníà ẹ̀rọ Amẹ́ríkà, ASME, ṣe fún ṣáàfù. Ó ti pẹ́, àmọ́ mo ṣì fẹ́ràn rẹ̀ fún ìṣirò àkọ́kọ́. Níbi tí ẹrù bá ń já lù ṣáàfù, bíi kí èèyàn da ẹ̀gẹ́ lé dúrọ́ọ̀mù lójijì, ẹ fi 2 sọ ìtẹ̀ di púpọ̀, kí ẹ fi 1.5 sọ ìlọ́ di púpọ̀. Fún irin ọjà tó ní ojú kíì, ẹ má jẹ́ kí ẹrù tó ń gé irin (shear) kọjá 40 MPa. Bí M bá jẹ́ ìtẹ̀, tí T sì jẹ́ ìlọ́, méjèèjì ní N·mm, tí d sì jẹ́ ìbú ṣáàfù ní mm:

d³ = 16 × √((2M)² + (1.5T)²) ÷ (π × 40)

Ẹ fi 120,000 àti 49,000 síbẹ̀. Ohun tó máa jáde ni 31.7 mm. Ṣáàfù 25 mm ò lè rí ọ̀nà gbé e gbà.

Ẹ yà á

Kò dìgbà tí ẹ bá ní kọ̀ǹpútà. Bébà, rúlà, àwòrán láti ẹ̀gbẹ́ kan: bíárìn, dúrọ́ọ̀mù, púlì, ìwọ̀n láàárín wọn, àmì ìkọ̀ọ́sì níbi tó ti kán. Ẹ ya fọ́tò ojú tó kán láti ìtòsí, kí ẹ fi rúlà tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ta ni kí ẹ bi?

Ojúgbà kì í ṣe ẹni tó ní ìwé ẹ̀rí bíi tiyín nìkan. Tọ́nà tó ti ń fá ṣáàfù láti ọjọ́ pípẹ́ á sọ fún yín pé igun tí ẹ yà ṣóńṣó kò ṣeé ṣe pẹ̀lú ọ̀bẹ lẹ́ẹ̀tì tirẹ̀, ó sì dáa bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń ta bíárìn ní ọjà Ládipọ̀ tàbí àwọn onírin ọjà Owódé Onírin ní Èkó mọ èyí tí àwọn oníbàárà ń dá padà. Ibùdó ìmọ̀ ẹ̀rọ oko NCAM wà ní Ìdófìán lẹ́bàá Ìlọrin, iléeṣẹ́ ìwádìí FIIRO, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1956, sì wà ní Oṣòdì; irú ẹ̀rọ báyìí kì í ṣe tuntun lójú wọn. Ẹ má sì fo àwọn ìyá tó ń lo ẹ̀rọ náà. Ẹ kí wọn dáadáa, ẹ jókòó, kí ẹ bi wọ́n pé, "Ẹ̀yin màmá, kí lẹ máa ń gbọ́ kó tó dákẹ́?" Ẹ máa gbọ́ ohun tí ìṣirò ò lè sọ: pé ó máa ń gbọ̀n láti àárọ̀, pé ọmọ tó ń yí i fún bẹ́líìtì lọ́jọ́ tó ṣáájú, pé òkúta wà nínú ẹ̀gẹ́.

Bí ẹ ṣe máa kọ ìbéèrè náà

Ẹ kí wọn, ẹ sọ ẹ̀rọ, ẹ sọ ìwọ̀n, ẹ sọ ohun tí ẹ rí, ẹ sọ èrò tiyín, ẹ wá béèrè ohun tó ṣe pàtó. Ẹ fi ohun tí ẹ ò lè yí padà kún un, kí wọ́n má baà ní kí ẹ lọ ra ẹ̀rọ tuntun. Ó lè lọ báyìí:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá àti ẹ̀yin ojúgbà mi. Ẹ̀rọ ìrin-ẹ̀gẹ́ ni. Mọ́tò oníná 3.7 kW, 1,440. Púlì 100 sí 200 mm, bẹ́líìtì A méjì. Ṣáàfù 25 mm, irin rírọ̀, mo fi iná ìlọrin wò ó. UCP205 méjì, àlàfo wọn 400 mm. Láti àárín bíárìn dé àárín púlì jẹ́ 120 mm. Ó ti kán lẹ́ẹ̀mejì níbì kan náà, ní ìparí ojú kíì lẹ́bàá bíárìn. Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ojú náà dán, ìyókù rí ṣákiṣàki. Kò tẹ̀ kó tó kán. Mo rí 78 MPa láìtíì ka ti ojú kíì. Lójú tèmi, púlì jìnnà jù sí bíárìn. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ìṣirò mi yẹ̀ níbì kan? Ṣé bíárìn ni kí n gbé jáde, àbí kí n gbé púlì sáàárín bíárìn méjì? Mi ò lè pààrọ̀ mọ́tò. Fọ́tò àti àwòrán rèé."

Ẹni tó bá ka èyí kò ní láti méfò. Ẹ tún kíyè sí i pé ó sọ èrò rẹ̀ jáde. Àwọn kan gbà pé kì í ṣe ìwà ọmọlúàbí láti sọ èrò ẹni níwájú àgbà. Mi ò fara mọ́ ọn nínú iṣẹ́ yìí. Àgbà tó mọṣẹ́ á tètè rí ibi tí ẹ ti ṣì í bí ẹ bá jẹ́ kó rí ohun tí ẹ ń rò, bí ẹ bá sì ti fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́, kò sí àrífín níbẹ̀.

Bí ìdáhùn bá dé

Ẹ gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan padà sínú ìṣirò kan náà. Orúkọ tàbí ọjọ́ orí ẹni tó sọ ọ́ kò yí nọ́ńbà padà.

"Ẹ jó o pọ̀." Rárá. Ooru á sọ ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n jó di líle tó lè sán, pàápàá bí irin náà bá jẹ́ irin líle, ṣáàfù náà á sì tún kán lẹ́bàá ibi tí wọ́n jó, bóyá nígbà tí ọwọ́ ẹnìkan wà nítòsí.

"Ẹ lo áàsù ọkọ̀." Ó lágbára lóòótọ́. Àmọ́ irin líle àti irin rírọ̀ ń tẹ̀ bákan náà lábẹ́ ẹrù kan náà, nítorí náà bí gbígbọ̀n bá wà lára ìṣòro yín, kò ní dín in kù. Igun ṣóńṣó sì máa ń ṣe irin líle ní jàǹbá ju irin rírọ̀ lọ. Kò burú, kò sì tán ìṣòro.

"Ẹ lo 30 mm." Bí nǹkan yòókù bá wà bó ṣe wà, ìtẹ̀ á wálẹ̀ láti 78 sí 45 MPa, àmọ́ ìlànà wa béèrè 31.7 mm. Ẹ máa ní láti lo 35 mm, bíárìn tó tóbi, púlì tí ihò rẹ̀ tóbi. Owó ń lọ.

"Ẹ gbé bíárìn jáde." Èyí ni mo fẹ́ràn jù. Bí ẹ bá jó ìjókòó bíárìn sí ara fírémù dípò ògiri, kí ó lè sún mọ́ púlì dé 60 mm, ìtẹ̀ di ìdajì, ìwọ̀n tí ìlànà béèrè sì wálẹ̀ sí 26.2 mm. Àǹfààní kejì tún wà níbẹ̀: àlàfo á wà láàárín bíárìn àti ògiri, omi ẹ̀gẹ́ á máa kán sílẹ̀ dípò kó máa wọnú bíárìn.

"Ẹ lo púlì tó tóbi sí i." Bí ẹ bá lo 125 àti 250 mm dípò 100 àti 200, dúrọ́ọ̀mù ṣì ń yípo ní 720, àmọ́ fífà bẹ́líìtì wálẹ̀ sí nǹkan bí 800 N. Ó tún tu bẹ́líìtì lára, torí púlì kékeré máa ń tẹ̀ ẹ́ jù. Bẹ́líìtì B pàápàá kò fẹ́ púlì tó kéré ju 125 mm.

Ẹ wá fi méjì tó gbẹ̀yìn pọ̀: 800 N ní 60 mm jẹ́ 48 Nm. Ìlànà béèrè 24.9 mm. Lórí bébà, ṣáàfù 25 mm tó ń kán yẹn ti tó báyìí! Èmi á ṣì lo 30 mm pẹ̀lú UCP206, torí òkúta á máa wà nínú ẹ̀gẹ́, ẹnìkan á sì tún fún bẹ́líìtì jù. Ìtẹ̀ á wá jẹ́ 18 MPa, níbi tó ti jẹ́ 78. Kíì kan náà, 8 × 7 mm, ló bá 25 àti 30 mu, UCP sì ń gba ṣáàfù gbọọrọ, nítorí náà tọ́nà ò ní gé igun kankan síbi bíárìn. Ẹ ní kó fi ojú kíì parí kó tó dé bíárìn, kó sì fi igun rẹ̀ ṣe róbótó díẹ̀.

Ẹ dán an wò

Ẹ dá ààbò bẹ́líìtì padà kí ẹ tó tan iná. Ẹ jẹ́ kó yí lófìfo fún bí ìdajì wákàtí, ẹ pa á, kí ẹ fọwọ́ kan ilé bíárìn. Bí ọwọ́ ò bá lè dúró lórí rẹ̀, púlì kò dọ́gba tàbí bẹ́líìtì le jù. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ da ẹ̀gẹ́ sí i.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì tí wọ́n ti ń lò ó, ẹ padà lọ pẹ̀lú kẹrosíìnì àti ẹfun tàbí ṣọ́ọ̀kì lílọ̀. Ẹ pa mọ́tò, ẹ yọ iná. Ẹ fi kẹrosíìnì kun ṣáàfù lẹ́bàá bíárìn àti ojú kíì, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú mélòó kan, ẹ nù ún gbẹ dáadáa, kí ẹ wá bu ẹfun sí i lára. Bí irin bá ti ń sán, kẹrosíìnì tó wọnú ibi tó sán á tú jáde, á sì fa ìlà dúdú tín-ín-rín sínú ẹfun náà. Bí ẹfun bá funfun bó ṣe wà, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tó dá yín lóhùn, títí kan àwọn tí ẹ kò lo ìmọ̀ràn wọn, pẹ̀lú ìwọ̀n tuntun àti ìdí tí ẹ fi yàn án.